Ogún Ìṣẹ́jú Àáyá

Ọjọ́ Ajé ni módẹ́mù kọ́kọ́ dáhùn 3 láti Ibùdó Kẹjọ. Ìyá Ẹ̀rọ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún bí ẹni pé ìdọ̀tí ló sọ 1 di 3, ó wọ̀ ọ́ padà. 3 ṣì jókòó síbẹ̀, kò yẹsẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ má bínú pé mo ń pe àgbàlagbà ní Ìyá Ẹ̀rọ o. Bí gbogbo ilé-iṣẹ́ odò ṣe ń pè é nìyẹn, àtọ̀gá àtẹni tó ń gbálẹ̀, òun náà sì ń jẹ́ ẹ.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ lójú, àmọ́ kò fẹ́ ọ̀lẹ. Ibùdó mẹ́jọ ló wà létí odò, láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè lọ́hùn-ún níbi tí títì parí sí, ibùdó kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹ̀rọ tó ń wọn bí omi ṣe ga tó. Tó bá ti di aago méje àárọ̀, Ìyá Ẹ̀rọ á jókòó sínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, á gbé ife tíì sọ́tùn-ún, á gbé ìwé sósì, á sì máa fi módẹ́mù pe àwọn ibùdó náà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí wáyà fóònù. Módẹ́mù ti ọ̀hún á gbé e, àwọn méjèèjì á han síra wọn, iye omi á sì jáde lójú kọ̀ńpútà. Iye yẹn làwọn tó ń ṣí ilẹ̀kùn omi nísàlẹ̀ odò ń dúró dè kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gbà kó pe ibùdó kan lójúmọ́, torí wáyà kan náà ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń dù mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Módẹ́mù yìí ò ju ìwé ńlá kan lọ, iná pupa wẹ́wẹ́ tò síwájú rẹ̀, àmọ́ ó mọ iyì ara rẹ̀. O ò lè ṣàdédé rán an níṣẹ́. A àti T lo máa kọ́kọ́ tẹ̀, bí ìgbà tí ìyá bá pe ọmọ lórúkọ kó tó rán an. Lẹ́yìn náà lo tó lè sọ ohun tó o fẹ́: Z, kó rántí gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ, D àti nọ́ńbà, kó pe ẹni tó ò ń wá. Tó bá ṣe é, á dá ọ lóhùn. Tí kò bá rí i ṣe, á sọ. Kì í yínmú síni, kì í sì í di èèyàn sínú. Ìyá Ẹ̀rọ máa ń sọ pé ó sàn ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ẹni tó bá sì mọ bí òun alára ṣe ń di ènìyàn sínú yóò rọra wo ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹni tó kọ́ ọ ní gbogbo èyí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá kan, ọmọ bàbá kan. Òun ló gbé módẹ́mù àkọ́kọ́ wọ yàrá yẹn nígbà tó ṣì jẹ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀. Ó ní kí ẹ̀rọ náà máa fi nọ́ńbà dáhùn dípò ọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ gígùn ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ó wá fi yíǹkì búlúù kọ ìtumọ̀ nọ́ńbà wọ̀nyí sára páálí kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì. 0 ni "Mo ti gbọ́." 1 ni "A ti rí ara wa." 4 ni "Kí lo wí? Tún un sọ." 7 ni "Ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ní sùúrù." Nígbà tí àbúrò rẹ̀ bi í pé 5 ńkọ́, ó ní 5 ti lọ fún ìsinmi. 3 ní tirẹ̀ ni "Mi ò gbọ́ ohùn ẹgbẹ́ mi." Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lá yíǹkì ọ̀hún tán, síbẹ̀ Ìyá Ẹ̀rọ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ páálí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́fà rèé tí òun àti ẹni tó kọ ọ́ ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti le nìyẹn, torí ẹ̀gbọ́n yìí gan-an ni olùṣọ́ Ibùdó Kẹjọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbé e lọ síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kú síbẹ̀, wọn ò bímọ, ilé oníyàrá méjì tí wọ́n kọ́ ti ibùdó ọ̀hún ni gbogbo ilé tó ní láyé. Wọ́n ti dí fóònù ibẹ̀: a lè pè é, kò lè pe ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí àárín wọn ṣì dán mọ́rán, ẹ̀gbọ́n yìí ní àṣà kan. Módẹ́mù tirẹ̀ máa ń dúró kí agogo dún lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e. Ẹ̀gbọ́n á ti jókòó tì í láàárọ̀. Bí agogo bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, á ti gbé fóònù, á kí àbúrò rẹ̀, á sọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà á tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á sì gba iṣẹ́ rẹ̀. Inú módẹ́mù Ìyá Ẹ̀rọ ni sípíkà kékeré kan wà, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ. Kò sí bó ṣe lè dá a lóhùn, torí módẹ́mù létí, kò lẹ́nu tí ènìyàn lè yá. Á kàn máa rẹ́rìn-ín sínú tíì rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n náà ló sì ti tẹ ATS7=60 nígbà tó ń to ẹ̀rọ ọ̀hún, èyí tó túmọ̀ sí pé kí módẹ́mù fara balẹ̀ dúró fún ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá kó tó sọ pé òun ò gbọ́ ohùn ẹgbẹ́ òun. Àbúrò rẹ̀ bi í pé kí ló fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe. Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí ìyá wọn wá kú, odò kún. Omi ń gun òkè ní wákàtí-wákàtí, iná ti lọ ní ibùdó, ẹ̀gbọ́n ló ń fi ojú ara rẹ̀ ka igi ìwọ̀n létí omi, ló ń pariwo rẹ̀ sórí fóònù. Wọ́n sin ìyá, kò wá. Ìyá Ẹ̀rọ nìkan ló dúró ní ẹsẹ̀ sàréè, ó ń wo ọ̀nà. Nígbà tí omi fà, ó gbé fóònù, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ ohùn yín mọ́ láyé yìí." Ó sì já a kí ẹ̀gbọ́n tó la ẹnu. Ẹyin lọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà mọ èyí tó kù. Lọ́jọ́ kejì ó tẹ ATM0, ẹ̀rọ ní 0, sípíkà dákẹ́. Ó tẹ AT&W kí ẹ̀rọ tọ́jú rẹ̀ sí ọpọlọ, kó má bàa gbàgbé. Láti ọjọ́ yẹn, módẹ́mù yàrá náà ò ké mọ́, ó kàn ń fi nọ́ńbà dáhùn. Ìyá Ẹ̀rọ gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti gbọ́ràn, pé ó ti fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa gbé e fúnra rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló tún ń dùn ún. Ó ní kó má sọ̀rọ̀ mọ́, inú sì ń bí i pé kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kò tiẹ̀ bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ Ajé. Láàárọ̀ yẹn ni Ẹnjinníà tuntun dé láti oríkò ilé-iṣẹ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó wo bí nǹkan ṣe ń lọ, ó ní ìdúró ẹ̀rọ yìí ti pọ̀ jù, pé ogún ìṣẹ́jú àáyá tó fún ibùdó yòówù. Ó tẹ ATS7=20, ó tọ́jú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó sì sọ fún Ìyá Ẹ̀rọ ohun tó ṣe. Ìyá Ẹ̀rọ ní ó dáa. Ibùdó méje dáhùn 1 wéré-wéré. Ibùdó Kẹjọ ní 3. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3. Ọjọ́rú, 3.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ tí 3 tún yọjú, Ẹnjinníà wọlé, ó fa àga, ó jókòó. Ó ṣàlàyé pé òfin tuntun ni: ibùdó tó bá dáhùn 3 fún ọjọ́ márùn-ún léra, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á sì ní kí olùṣọ́ rẹ̀ kó ẹrù jáde nílé ìjọba. Ó ní ó ká òun lára. Bàbá òun náà ti ṣọ́ ibùdó rí, òun sì mọ bó ṣe ń rí lára àgbàlagbà láti di ẹrù ogún ọdún sínú àpò méjì. Ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé Ìyá ti fi fóònù lásán pe olùṣọ́ náà, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀?

Ìbéèrè rere ni, ìdáhùn rẹ̀ ò sì le. Kó sọ pé rárá, kó gbé fóònù, kó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àmọ́ orí kunkun ti jókòó sí i lọ́fun.

"Mo ti pè é," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì. Kò gbé e."

Ẹnjinníà mi orí. Ó yọ lẹ́tà kan, ó fi han Ìyá Ẹ̀rọ ibi tó máa fọwọ́ sí pé òun pe olùṣọ́, olùṣọ́ ò gbé e. Ó ní kó má tíì fọwọ́ sí i, kí àwọn gbọ́ ohun tí ọjọ́ Ẹtì máa wí. Ó fi lẹ́tà sórí tábìlì, ó kí i, ó lọ.

Nígbà tí Ìyá Ẹ̀rọ délé nírọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ nínú yàrá iwájú, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu rẹ̀, ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó bi í pé tí wọ́n bá lé Bọ̀ọ̀dá àgbà níbẹ̀, ibo ni wọ́n ń lọ. Ìyá Ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀. Ọmọ ní ṣé ìyá òun pè wọ́n lóòótọ́. Ìyá Ẹ̀rọ dìde, ó lọ fọ abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú tì í. Ọmọ náà ò sì bi í mọ́, ó tẹ̀síwájú nínú ìránṣọ rẹ̀, èyí tó burú ju kó bú u lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ó dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ó po tíì, ó jókòó, ó pe ibùdó kìíní dé ìkeje. Gbogbo wọn ní 1. Lẹ́tà wà níbi tí Ẹnjinníà fi í sí. Ìyá Ẹ̀rọ na ọwọ́ sí ife kó tó pe ìkẹjọ, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lórí afẹ́fẹ́. Ife náà kún dẹ́nu.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yí ká. Ibùdó méje àkọ́kọ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn rójú gbé ife. O pè é, ó ti dé. Ibùdó Kẹjọ ni Ìyá Ẹ̀rọ ti máa ń mu tíì rẹ̀. Á pè é, á gbé ife, á mu ún dé ìdajì kí 1 tó jáde. Láti ọdún mẹ́fà wá ló ti ń rí bẹ́ẹ̀, ó sì ti dá wáyà lẹ́bi, pé ọ̀nà jìn, wáyà ti gbó. Àmọ́ láti ọjọ́ Ajé, tíì ń tutù sínú ife ni, ó sì ń dà á nù. Wáyà ò kú. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ibùdó Kẹjọ ń gba ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ ni, bó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ti gé e kúrú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó tẹ ATS7=60. Módẹ́mù ní 0, mo ti gbọ́.

Ó lè pè é báyẹn, kí 1 jáde, kí wọ́n ya lẹ́tà, kó parí síbẹ̀. Ìka rẹ̀ tiẹ̀ ti wà lórí D. Àmọ́ ìbéèrè kan ò jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́. Kí ni ẹ̀gbọ́n òun ń fi gbogbo ìgbà yẹn ṣe? Ẹ̀rọ tó ń dá gbé fóònù kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ̀. Ẹni tó bá mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n ò lè ṣàìmọ̀, ó kàn ń bẹ̀rù láti mọ̀ ni. Ó tẹ ATM1 kí sípíkà lè tún máa sọ̀rọ̀. 0. Ó pe Ibùdó Kẹjọ.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà, yàrá kékeré náà gbọ́ bí nọ́ńbà ṣe ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan. Agogo dún lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹnìkan gbé e.

"Àbúrò mi, káàárọ̀ o. Èmi ni."

Ohùn náà ti gbó. Kò gbó tó báyìí lọ́jọ́ tí wọ́n rí ara wọn kẹ́yìn. Ìyá Ẹ̀rọ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Òtútù mú díẹ̀ lónìí. Omi ti fà sẹ́yìn, ẹ̀rọ á sọ èyí tó kù fún ọ." Ó dúró, ó mí. "Láti ọjọ́ Ajé lo ti ń já a mọ́ mi lẹ́nu kí n tó parí. Mi ò bínú. O ní o ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi mọ́, síbẹ̀ ọdún mẹ́fà lo fi ń gbọ́ ọ láàárọ̀ láìsọ pé ó tó. Mo dúpẹ́ ìyẹn. Tó o bá tún já a lónìí, mo mọ̀ pé ó ti sú ọ nìyẹn. Láti ọ̀la, ẹ̀rọ láá máa gbé e fúnra rẹ̀."

Ìyá Ẹ̀rọ gbójú sókè wo aago ògiri. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá ti lọ. Ó ń lọ sí àádọ́ta. Tó bá pé ọgọ́ta, módẹ́mù á já a, ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń retí. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ń sọ ọ́ fún sípíkà tí kò lè gbé ọ̀rọ̀ lọ síbì kankan.

"Ó dáa," ni ohùn náà wí. "Mo ń gbé e fún un."

Nǹkan dún kẹ̀ẹ́, igbe módẹ́mù méjèèjì gba yàrá kan, lẹ́yìn náà sípíkà dákẹ́ fúnra rẹ̀. 1. A ti rí ara wa. Iye omi tò jáde lójú kọ̀ńpútà. Ìyá Ẹ̀rọ kọ ọ́ sínú ìwé nítorí iṣẹ́ niṣẹ́, omijé ń kán sórí ìlà tó ń kọ. Ọdún mẹ́fà. Ó gbìyànjú láti ka iye àárọ̀ tó wà nínú ọdún mẹ́fà, ó dá a dúró. Gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn ni ọkùnrin yìí ti ń kí òun, tó ń rò pé òun ń gbọ́, tó sì ń dúpẹ́. Òun sì wà níbí, ó ń mu tíì.

Bí Ẹnjinníà ṣe bá a nìyẹn. Ó rí 1 lójú kọ̀ńpútà, ó rí ojú Ìyá Ẹ̀rọ, kò mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè.

"Mi ò pè wọ́n," ni Ìyá Ẹ̀rọ wí. "Irọ́ ni mo pa fún yín lánàá. Ẹ̀gbọ́n mi ni. A jà ni." Ó wá sọ èyí tó kù fún un, àti bí ogún ìṣẹ́jú àáyá ò ṣe lè tó ẹni tó ń kíni kó tó ṣiṣẹ́.

Ẹnjinníà gbọ́ ọ dé òpin. Kò bá a wí. Ó mú lẹ́tà lórí tábìlì, ó ya á sí méjì, ó kó o sápò. Ó ní kí Ìyá fi ọgọ́ta náà pamọ́ sínú ẹ̀rọ kó tó gbàgbé, àti pé òun máa wà níta lẹ́nu àtẹ̀gùn, ẹnikẹ́ni tó bá ń wá wáyà fóònù láàárọ̀ yìí á kọ́kọ́ bá òun sọ̀rọ̀. Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Ẹ̀rọ tẹ AT&W. 0. Ó wá yọ wáyà kúrò lẹ́yìn módẹ́mù, ó tì í bọ ẹ̀yìn fóònù dúdú tó wà ní igun tábìlì, ó sì tẹ nọ́ńbà Ibùdó Kẹjọ fúnra rẹ̀. Agogo dún lẹ́ẹ̀kan.

"Àbúrò mi, èmi ni," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ìyàlẹ́nu wà lóhùn rẹ̀. "O tún pè. Ó ní láti jẹ́ pé iye omi ò jáde dáadáa. Má ṣèyọnu, mo ń gbé e fún ẹ̀rọ báyìí."

"Bọ̀ọ̀dá mi," ni Ìyá Ẹ̀rọ wí, "ẹ má tíì gbé e fún ẹ̀rọ."

Ó pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó dáhùn. Ó ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ dáadáa. Ìyá Ẹ̀rọ fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú, kò já a.